Ẹ̀KỌ́ ÌLERA: FÁÍTÁMÌ D ÀTI ÀWỌN ONÍLÀJÀ INÚ ARA WA

Nínú ẹ̀kọ́ ìlera wa ti oṣù yìí, ọ̀rọ̀ fáítámì D ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu nọ́ọ̀sì nígbà tí a bímọ sí ìlú yìí. A mọ̀ pé ó dára fún egungun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn wà tí ó ń ṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ó ń bá àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbèjà ara wa ṣiṣẹ́, pàápàá jù lọ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti pẹ̀tù sí ìjà. Àwa aláwọ̀ dúdú tí a ń gbé Dublin wà lára àwọn tí fáítámì yìí tètè ń wọ́n lára wọn. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

A ó dáhùn ìbéèrè mẹ́rin: Níbo ni fáítámì D ti ń wá? Kí ló dé tí ó fi ń wọ́n wa ní Dublin? Kí ni ó ń ṣe fún àwọn onílàjà inú ara? Kí ni ó yẹ kí a ṣe nínú ilé wa?

NÍBO NI Ó TI Ń WÁ?

Inú oúnjẹ ni a ti ń rí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn fáítámì. Ti fáítámì D yàtọ̀, nítorí oòrùn ni ó ń fún wa ní èyí tí ó pọ̀ jù. Bí ìtànṣán oòrùn bá ba awọ ara, ó máa ń sọ ọ̀rá kan tí ó wà nínú awọ di fáítámì D. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sì yí i padà sí irú èyí tí ó ṣe é tọ́jú. Irú yìí ni àwọn dókítà máa ń wọ̀n bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ wa fún àyẹ̀wò. Láti ibẹ̀ ó ń lọ sí kíndìnrín, níbi tí yóò ti di èyí tí ń ṣiṣẹ́ gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a fi wé ẹ̀gẹ́. Inú awọ ara ni oko tí a ti wu ú. Ẹ̀dọ̀ ni ó sọ ọ́ di gàrí. Gàrí ṣe é tọ́jú sínú àpò, ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ di ẹ̀bà ni a tó lè jẹ ẹ́. Kíndìnrín ni ó ń tẹ ẹ̀bà náà fún gbogbo ara. Ẹ fi àfiwé yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

KÍ LÓ DÉ TÍ Ó FI Ń WỌ́N WA NÍ DUBLIN?

Ìbàdàn wà nítòsí ìlà 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Dublin wà ní ìlà 53. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní ọ̀sán gangan ní ìparí oṣù December, òjìji ènìyàn ní Dublin máa ń gùn ju gíga rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ní Ìbàdàn ní ọjọ́ kan náà, òjìji yẹn kò gùn tó ènìyàn. Díẹ̀ ló fi lé ní ìdajì gíga rẹ̀. Ìdí ni pé oòrùn Dublin rẹlẹ̀ púpọ̀ lójú ọ̀run ní ìgbà òtútù. Ìtànṣán rẹ̀ ń gba inú afẹ́fẹ́ púpọ̀ kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, afẹ́fẹ́ náà sì ń sẹ́ èyí tí ń ṣe fáítámì D kúrò. Ìmọ́lẹ̀ ń bẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Bí òjìji yín bá gùn jù yín lọ, ẹ mọ̀ pé oòrùn ọjọ́ náà kò lè ṣe fáítámì D púpọ̀ fún yín. Láti nǹkan bí ìparí October títí di March, bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí níbí.

Èkejì ni àwọ̀ ara wa. Dúdú ara wa kì í ṣe àbùkù. Agbòòrùn ni, tí a fi ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ oòrùn líle ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣí agbòòrùn níbi tí oòrùn kò ti pọ̀, díẹ̀ ni yóò rí gbà. Nínú oòrùn kan náà, aláwọ̀ dúdú nílò àkókò tí ó gùn ju ti aláwọ̀ funfun lọ kí ó tó rí ìwọ̀n fáítámì D kan náà.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà tí a ń gbà gbé níbí. Inú ilé, inú ọkọ̀ àti ibi iṣẹ́ ni a sábà ń wà. Bí a bá sì jáde, kóòtù àti fìlà bo gbogbo ara. Oòrùn tí ó gba ojú fèrèsé wọlé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí gíláàsì ń dí ìtànṣán tí a nílò.

Àwọn kan á ní, “Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé ni, oòrùn tí mo yá níbẹ̀ á gbé mi dé ọdún tó ń bọ̀.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ìdajì rẹ̀ máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta bí a kò bá rí òmíràn fi kún un. Ẹni tí ó lọ lo Kérésìmesì nílé, kí oṣù March tó parí, àpò gàrí rẹ̀ ti fúyẹ́.

Àìtó yìí ti ba ẹsẹ̀ ọmọ jẹ́ ní ìlú yìí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àìsàn tí ń mú egungun ọmọ rọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń tẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní rickets, pọ̀ láàárín àwọn ọmọ Dublin. Ó wá lọ sílẹ̀ gan-an lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún 2000, àwọn dókítà ọmọdé tún bẹ̀rẹ̀ sí í rí i, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà sì jẹ́ ọmọ àwọn òbí tí ó wá láti Áfíríkà. Èyí wà lára ohun tí ó mú kí HSE, àjọ ìlera ìjọba, ṣe ìlànà ní ọdún 2010 pé kí a máa fún àwọn ìkókó ní fáítámì D lójoojúmọ́. A mọ̀ pé rickets wà ní Nàìjíríà pẹ̀lú, níbi tí oòrùn pọ̀ dé. Ìwádìí tí a ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Jos ní àwọn ọdún 1990 fi hàn pé àìtó kálíṣíọ̀mù nínú oúnjẹ ni ó sábà ń fà á níbẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ nílé àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ níbí lè jọra lójú, kí orísun wọn má sì jẹ́ ọ̀kan.

ÀWỌN ỌDẸ ÀTI ÀWỌN ONÍLÀJÀ

Ẹ jẹ́ kí a wá kúrò lórí egungun, kí a wọ inú ẹ̀jẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun wà tí wọ́n ń ṣọ́ ara bí ọdẹ ti ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Bí kòkòrò àìsàn bá wọlé, wọn á fọn fèrè, wọn á pe ara wọn jọ, wọn á sì gbé ìjà kò ó. Ibà, ọgbẹ́ tí ó wú, ọ̀nà ọ̀fun tí ó pọ́n, àmì ìjà wọn ni.

Ṣùgbọ́n ọdẹ tí kò dá onílé mọ̀ yàtọ̀ sí olè, ewu ni fún gbogbo àdúgbò. Nígbà mìíràn àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí máa ń kọjú ìjà sí ara tí wọ́n ń ṣọ́. Bí wọ́n bá kọlu oríkèé, ó di oríṣi làkúrègbé kan tí ń wú ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá kọlu ibi tí ń pèsè insulin, ó di irú àtọ̀gbẹ tí ó sábà ń mú ọmọdé. Bí wọ́n bá kọlu ohun tí ó bo iṣan inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, ó di àìsàn MS. Lupus náà jẹ́ ọ̀kan lára wọn, ó sì máa ń mú àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ju aláwọ̀ funfun lọ.

Àwọn àgbà ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú ara pẹ̀lú, àgbà wà lọ́jà. Lára àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe láti jà, bí kò ṣe láti sọ fún àwọn tí ń jà pé ó tó. Àwọn oníṣègùn ń pè wọ́n ní regulatory T cells. Àwa yóò pè wọ́n ní onílàjà.

Ní ọdún 1995, Shimon Sakaguchi ní Japan fi hàn nínú eku pé bí a bá mú àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí kúrò, ara eku náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ jà. Bí a bá dá wọn padà, ìjà náà á rọlẹ̀. Ní ọdún 2001, Mary Brunkow àti Fred Ramsdell ní Amẹ́ríkà rí jíìnì tí a ń pè ní Foxp3, èyí tí a wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé òun ni ó ń sọ sẹ́ẹ̀lì di onílàjà. Àwọn ọmọ díẹ̀ wà láyé tí jíìnì yìí bàjẹ́ lára wọn. Láti ìgbà ìkókó ni ara wọn ti ń bá ìfun àti awọ tirẹ̀ jà. Àwọn mẹ́ta tí a dárúkọ yìí ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ ìṣègùn ní ọdún 2025.

IṢẸ́ MẸ́TA TÍ FÁÍTÁMÌ D Ń ṢE

A ti sọ pé kíndìnrín ni ó ń tẹ ẹ̀bà fún gbogbo ara. Àwọn olùwádìí rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun ní ìkòkò tiwọn. Bí ìjà bá dé, wọ́n lè mú gàrí láti inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì tẹ ẹ̀bà tiwọn lójú ìjà. Ṣùgbọ́n bí gàrí kò bá sí nínú àpò, ìkòkò lásán ni.

Iṣẹ́ kìíní ni pé ó ń fún àwọn ọdẹ ní ohun ìjà. Ní ọdún 2006, àwọn olùwádìí ní yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí sẹ́ẹ̀lì funfun kan bá pàdé kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó máa ń lo fáítámì D láti ṣe ohun ìjà kan tí a ń pè ní cathelicidin. Nígbà tí wọ́n lo omi ẹ̀jẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, tí fáítámì D inú rẹ̀ kéré, ohun ìjà tí sẹ́ẹ̀lì náà ṣe kéré pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n fi fáítámì D kún un, ó pọ̀ sí i. Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ wa ni kò dára. Gàrí ni kò sí nínú àpò.

Iṣẹ́ kejì ni pé ó ń tún ẹnu oníròyìn ṣe. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń gbé ìròyìn láti ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí yóò jà. Bí oníròyìn bá ń pariwo, ìjà á gbóná. Fáítámì D máa ń jẹ́ kí ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí àwọn tí ó gbọ́ ọ fi lè di onílàjà dípò jagunjagun.

Iṣẹ́ kẹta ni ti àwọn onílàjà fúnra wọn. Ní ọdún 2009, àwọn olùwádìí ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú sẹ́ẹ̀lì T láti inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, wọ́n sì fi fáítámì D tí ń ṣiṣẹ́ sí i. Àwọn kẹ́míkà tí ń dá ìjà sílẹ̀ dín kù. Bí wọ́n bá fi ohun kan tí ara ń ṣe, tí a ń pè ní IL-2, kún un, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì náà á gbé àmì Foxp3 tí a fi ń mọ onílàjà, wọ́n sì lè dá àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn lẹ́kun ìjà. Ní London ní ọdún 2006, àwọn mìíràn ti wo sẹ́ẹ̀lì àwọn tí ikọ́ fée wọn le, tí oògùn steroid kò ràn dáadáa. Sẹ́ẹ̀lì wọn kì í ṣe IL-10, ohun tí àwọn onílàjà fi ń tu ìjà nínú, bí a bá fún wọn ní steroid. Nígbà tí fáítámì D wọ̀ ọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é.

Ẹ rí i pé fáítámì kan náà ni ó ń pọ́n ọ̀bẹ, òun náà ni ó ń fi àkọ̀ sí i.

ṢÉ ÓWÁ DI OÒGÙN GBOGBO ÀÌSÀN NÍ?

Rárá o. Ohun tí a rí nínú ìgò ìwádìí kọ́ ni a máa ń rí nínú ènìyàn nígbà gbogbo. Ó yẹ kí a mọ ibi tí ẹ̀rí dé dúró.

Ìwádìí ńlá kan wà ní Amẹ́ríkà tí a ń pè ní VITAL. Àwọn àgbàlagbà 25,871 ni ó wà nínú rẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún wọn sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ìdajì wọn ń lo fáítámì D 50 máíkírógíráàmù lójoojúmọ́, ìdajì ń lo oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún àti díẹ̀, àbájáde tí ó jáde ní ọdún 2022 fi hàn pé àwọn 123 ni ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ jà nínú ìdajì àkọ́kọ́, àti 155 nínú ìdajì kejì. Ó dín kù ní 22 nínú 100. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé kò pa àìsàn náà rẹ́, àti pé àwọn tí kò ṣàìsàn náà rárá ni ó pọ̀ jù ní ìhà méjèèjì. Nígbà tí a tún wo àwọn ènìyàn náà lẹ́yìn tí wọ́n dá fáítámì náà dúró, àǹfààní ọ̀hún ti ń pòórá. Ó dà bí oúnjẹ. Kò dà bí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a gbà lẹ́ẹ̀kan.

Ìwádìí kan náà kò rí i pé ó dín iye àwọn tí jẹjẹrẹ tàbí àìsàn ọkàn mú kù. Ní Mongolia, wọ́n fún àwọn ọmọ ilé ìwé tí ó lé ní 8,000 ní fáítámì D tàbí oògùn òfìfo, àbájáde rẹ̀ ní ọdún 2020 sì fi hàn pé kò dá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ dúró. Ní ti ikọ́ fée, àpapọ̀ àwọn ìwádìí tí a ṣe àyẹ̀wò wọn ní ọdún 2023 kò rí i pé ó ń dín ìgbà tí ikọ́ náà ń dìde kù.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́: bí ọmọ bá ní ikọ́ fée, ẹ má ṣe gba inhaler kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí fáítámì D. Ẹni tí ó ní lupus tàbí MS kò gbọdọ̀ dá oògùn dókítà dúró. Àpò gàrí tí ó kún dára, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò oògùn.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE NÍNÚ ILÉ

Àwọn ìwọ̀n tí a là kalẹ̀ ní Ireland nìyí. Ti àwọn ọmọ ọdún 5 títí dé àgbàlagbà 65 wá láti inú ìmọ̀ràn tí Food Safety Authority of Ireland gbé jáde ní ọdún 2023, èyí tí ó dárúkọ àwa aláwọ̀ dúdú lọ́tọ̀.

1. Ìkókó títí di ọdún kan: 5 máíkírógíráàmù lójoojúmọ́, bí ó bá ń mu ọmú, tàbí bí mílíìkì inú agolo tí ó ń mu kò bá tó 300 ml lóòjọ́.

2. Ọmọ ọdún 1 sí 4: 5 máíkírógíráàmù lójoojúmọ́ láti Halloween títí di ọjọ́ St Patrick, ìyẹn 31 October sí 17 March. Ẹ bi nọ́ọ̀sì tàbí GP yín bóyá kí ti ọmọ yín kọjá ìgbà yẹn.

3. Ọmọ ọdún 5 sí 11 tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú: 10 máíkírógíráàmù lójoojúmọ́, yípo ọdún.

4. Láti ọmọ ọdún 12 títí dé àgbàlagbà, bí a bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú: 15 máíkírógíráàmù lójoojúmọ́, yípo ọdún.

5. Àwọn bàbá àti ìyá wa tí ó ti pé 65: 15 máíkírógíráàmù lójoojúmọ́, yípo ọdún, bí ó ti wù kí àwọ̀ wọn rí.

Lára ìgò, a máa ń kọ máíkírógíráàmù ní µg tàbí mcg. Òmíràn á kọ IU. 1 µg jẹ́ 40 IU, nítorí náà 5 µg jẹ́ 200 IU, 15 µg sì jẹ́ 600 IU. Ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó rà á. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ èyí tí ó wọ́n jù.

Ẹ má sì ṣe rò pé bí ó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe dára tó. Fáítámì D tí ó pọ̀ jù máa ń mú kí kálíṣíọ̀mù pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ó lè fa èébì, òùngbẹ, àìlèyàgbẹ́ àti òkúta nínú kíndìnrín. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá 100 µg lóòjọ́, ọmọ ọdún 1 sí 10 kò sì gbọdọ̀ kọjá 50 µg, àfi bí dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀. Ìgò tí wọ́n kọ 10,000 IU sí lára kì í ṣe fún lílò ojoojúmọ́ láìsí àṣẹ dókítà. Ti ìkókó, ẹ lo èyí tí a ṣe fún ìkókó nìkan, kí bàbá má sì fún un lẹ́yìn tí ìyá ti fún un. Ẹni tí ó ní àìsàn kíndìnrín tàbí òkúta inú kíndìnrín, kí ó bi dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Aláboyún kò gbọdọ̀ lo cod liver oil, nítorí fáítámì A inú rẹ̀ lè pa ọmọ inú lára. Fáítámì D lásán ni kí ó lò.

Ní ti oúnjẹ, ẹja ọlọ́ràá ni ó ní in jù: títùs, sádìn àti salmon. Pupa ẹyin ní díẹ̀, mílíìkì tí a fi fáítámì D kún sì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Panla gbígbẹ dùn lọ́bẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní í púpọ̀. Bí oòrùn bá sì ràn láti April sí September, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré ní Phoenix Park. Ẹ jẹ́ kí ó kan apá àti ẹsẹ̀ wọn, kí ó má kàn jẹ́ ojú nìkan.

Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí kò yá oòrùn ilẹ̀ baba wọn rí. Ohun tí oòrùn máa ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ nílé, ọwọ́ wa ni yóò ti máa tọ̀ wọ́n wá níbí, ẹ̀kán díẹ̀ lójoojúmọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ILÉ

1. Báwo ni òjìji wa ṣe lè sọ fún wa bóyá oòrùn ń ṣe fáítámì D?
2. Kí ló dé tí ìrìn àjò sílé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò fi tó?
3. Kí ni iṣẹ́ àwọn onílàjà inú ara, kí ló sì lè ṣẹlẹ̀ bí wọn kò bá sí?
4. Kí ni ìwádìí VITAL rí, kí ni kò sì rí?
5. Nínú ilé tiwa, ta ni ó yẹ kí ó máa lo fáítámì D, mélòó ni, ta ni yóò sì máa rántí?